Dúálà Nínú Òjò: Àbẹ̀wò ní Àkókò tí Àlejò Kì í Wá

Bí ẹ bá bi àwọn òyìnbó pé ìgbà wo ni ó dára jù láti lọ wo àwọn erékùṣù inú Òkun Mẹditaréníà, wọn kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn pé ìgbà ooru ni. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, wọn a ya bo Malta, Majorca, Sísílì àti Cyprus bí eéṣú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gìnnìtìn bá dé, tí òjò àti ẹ̀fúùfù tútù gba etí òkun kan, ọ̀pọ̀ ilé ìtura a ti ilẹ̀kùn, àwọn tí ń ta oúnjẹ létí omi a ká àga wọn wọlé, ìlú a sì padà di ti àwọn tí ó ni ín. Síbẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò díẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dé nígbà tí ọjà ti tú ni ó ń rí onílé bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ìṣe àwọn Àpósítélì mọ̀ pé ìgbà òtútù ni ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé Pọ́ọ̀lù rì sí etíkun Mẹ́lítà, èyí tí a ń pè ní Malta lónìí, àti pé nítorí òjò àti òtútù ni àwọn ará erékùṣù náà ṣe dá iná fún wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ibẹ̀. Ìbá ṣe ìgbà tí òkun rọ̀ ni, bóyá ọkọ̀ wọn ìbá ti kọjá lọ láìyà síbẹ̀. Frédéric Chopin, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì tí ó ń kọ orin dùùrù, àti George Sand, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Faransé, náà lo ìgbà òtútù ọdún 1838 sí 1839 ní Majorca, nínú ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan ní Valldemossa. Òjò pọ̀, ikọ́ ń yọ ọkùnrin náà lẹ́nu, wọ́n sì dá dùùrù rẹ̀ dúró pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-bodè. Síbẹ̀ ó parí lára àwọn orin rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ìyáàfin náà padà kọ ìwé tí ó fi bú àwọn ará erékùṣù náà dáadáa. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó bú ni wọ́n ń ta ìwé náà fún àlejò.

Ní ìhà tiwa níbí, a kò ní yìnyín. Òjò ni ọ̀gìnnìtìn tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní òjò, kí ó fi Èkó sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó lọ sí Dúálà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù.

Mo dárúkọ oṣù kẹjọ nítorí ohun kan. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò a rọ̀ títí di oṣù keje, lẹ́yìn náà a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Àgbẹ̀ mọ ìsinmi náà, oníṣòwò pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ní Dúálà kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà ni òjò ti ń gun òkè bọ̀, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ó sì ń dé orí òté. Òjò ọdún kan ní Èkó kò tó mítà 2 bí a bá gbá a jọ sójú kan. Ti Dúálà ju mítà 3.5 lọ. Òjò oṣù kẹjọ nìkan ní ìlú náà a máa pọ̀ ju òjò ọdún kan gbáko ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìlú tí gbogbo ayé fi òjò ṣẹ̀fẹ̀.

Òkè ńlá kan ni ó fà á. Òkè Kamẹrúùnù ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì dúró sí etí òkun gan-an bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sí òkè mìíràn tí ó ga tó o ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Atẹ́gùn tí ń bọ̀ láti orí òkun ru omi wá. Bí ó bá kan òkè náà, kò rí ọ̀nà kọjá, ó di dandan kí ó gun òkè. Bí ó sì ti ń gòkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni ó ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Abúlé kan wà ní ẹsẹ̀ òkè náà ní ìhà òkun, Debundscha ni orúkọ rẹ̀, tí òjò rẹ̀ ń tó nǹkan bí mítà 10 lọ́dún. Ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ni òjò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Dúálà wà ní ìhà ìlà-oòrùn òkè náà, nínú ìtẹ̀ etíkun, ó sì ń rí ìpín tirẹ̀ gbà.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú etí òkun tí a ti ń na ara sínú oòrùn ni Dúálà. Ìlú ọkọ̀ ni, ìlú òwò ni. Ó wà lórí odò Wouri, kò sì sí iyanrìn òkun kankan nínú rẹ̀. Èbúté rẹ̀ ni ó tóbi jù ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Láti ibẹ̀ ni ẹrù ti ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàdì àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí àwọn méjèèjì kò ní etí òkun. Nítorí náà òjò kì í ti ìlú náà pa bí òtútù ṣe ń ti Majorca pa. Akérò orí alùpùpù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bensikin, a ta agbòòjò ńlá sórí ọ̀kadà rẹ̀, a sì máa sáré lọ. Àwọn tí ń wá ṣe fàájì nìkan ni ó ń sá. Oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n fẹ́ràn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, nítorí ìgbà náà ni ọdún Ngondo.

Ọdún Ngondo yẹ ní wíwò, n kò ní sọ pé kò yẹ. Gbogbo ẹ̀yà Sawa, àwọn ará etí omi, ni ó ń péjọ sí etí Wouri. Wọ́n a figagbága nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gígùn. Awòmísìn a wọnú odò lọ bá àwọn Jengu, ẹ̀mí inú omi, a sì jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó mọ Yemọja, tí ó mọ Olókun, kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ ọdún náà mọ́ àwọn ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ó, ẹni tí ó bá lọ ní oṣù Ọ̀pẹ nìkan, Dúálà tí ó wọ aṣọ ọdún ni ó rí. Orúkọ tí ilẹ̀ náà ń jẹ́, àdéhùn tí ó sọ ọ́ di ẹrú àti ikú tí ó sọ ọba rẹ̀ di akọni, inú òjò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ náà ṣáájú. Ọdún 1472 ni a máa ń sọ pé àwọn atukọ̀ Potogí wọ ẹnu odò Wouri, ọdún kan náà tí a máa ń sọ pé wọ́n fojú kan ọ̀sà Èkó. Wọ́n bá edé nínú odò náà lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rio dos Camarões, èyí tí í ṣe Odò Edé. (Kì í ṣe Ẹdẹ ti Tìmì o; edé inú ọbẹ̀ ni.) Àwọn ará Jámánì pè é ní Kamerun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pè é bí ẹnu wọn ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ni odidi orílẹ̀-èdè kan ṣe ń jẹ́ orúkọ edé títí di òní.

Ṣùgbọ́n edé wo? Èyí ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Dúálà. Edé tí ó ń jáde lọ́pọ̀ yanturu ní Wouri kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí nínú omi lójoojúmọ́. Inú ihò ni ó ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, funfun ni ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń rí i. Ọdún a yí, òmíràn a tún yí, a kò ní gbúròó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí òjò bá ti kún odò dé góńgó, ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, lójijì ni wọn yóò tú jáde láti inú ẹrẹ̀, wọn yóò bo ojú omi, apẹja yóò sì máa fi agbọ̀n kó wọn bí ẹni ń kó àgbàdo. Fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà wọn a parẹ́. Àwọn Dúálà ń pè é ní mbeatoe, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Lepidophthalmus turneranus. Ẹni tí kò bá wá nígbà òjò kò lè rí ẹ̀dá tí ó sọ Kamẹrúùnù lórúkọ. Ẹni tí ó bá sì wá nígbà òjò náà lè má rí i, nítorí kì í ṣe ọdọọdún ni ó ń jáde. Kò sí ilé ìtura kankan tí ó lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín.

Ó ku àdéhùn àti ikú. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884, àwọn ọba Dúálà, Ndumbe Lobe tí a ń pè ní King Bell àti King Akwa, tẹ ọwọ́ ìwé pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ará Jámánì. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Gustav Nachtigal ta àsíá Jámánì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọba náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti fi í ṣe ọ̀ranyàn nínú àdéhùn pé ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí àti ilẹ̀ tí ìlú wọn wà lórí rẹ̀ yóò máa jẹ́ tiwọn.

Nígbà tí ó di ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan jáde. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ Dúálà kúrò ní etí odò, níbi tí baba ńlá wọn ti ń ṣòwò, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sẹ́yìn ìlú. Kí àwọn òyìnbó nìkan máa gbé Bonanjo. Kí a sì fi ààlà tí ìbú rẹ̀ tó kìlómítà kan sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀fọn àti ibà ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ọba tí ó wà lórí oyè nígbà náà ni Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ ọmọ King Bell, ẹni tí ó ti kàwé ní Jámánì fúnra rẹ̀ tí ó sì gbọ́ èdè wọn. Kò gbé ìbọn. Ìwé ni ó kọ. Ó kọ ọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Berlin, ó gba lọ́yà, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní bòókẹ́lẹ́ láti lọ ro ẹjọ́ náà. Àdéhùn ọdún 1884 ni ó gbé lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n so òun àti Ngoso Din rọ̀. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn.

Àwa ará Èkó kò gbọdọ̀ ka ìtàn yìí kọjá lásán. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Apápá lọ́wọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ. Olúwa náà kò gbé ìbọn. Ilé ẹjọ́ ni ó lọ. Nígbà tí àwọn ilé ẹjọ́ ìhín kò ṣe é bí ó ti fẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1920 pẹ̀lú Herbert Macaulay. Ní ọdún 1921 ni ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre pé ilẹ̀ náà ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, tí ìjọba sì san £22,500 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Ọ̀ràn kan náà ni, ìgbà kan náà sì ni: ilẹ̀ etí omi, èbúté, ìwé àdéhùn, ọba tàbí ìjòyè tí ó gbẹ́kẹ̀lé òfin òyìnbó. Ọ̀kan bọ̀ wálé pẹ̀lú ìdájọ́ lọ́wọ́. Okùn ni wọ́n fi dá ìkejì lóhùn. Àwọn ará Jámánì pẹ́ kí wọ́n tó fi ojú rere wo ọ̀rọ̀ náà: ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n yọ orúkọ Nachtigal kúrò lórí gbàgede kan ní Berlin, tí wọ́n sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀.

Ibojì ọba náà wà ní Bonanjo, kò jìnnà sí ilé tí baba rẹ̀ kọ́ ní ọdún 1905, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní La Pagode nítorí òrùlé rẹ̀ jọ ti ilé òrìṣà àwọn ará Éṣíà. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò. Lẹ́yìn tí ẹ bá wò ó tán, kí ẹ rìn lọ sí New-Bell, ibi tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, nítorí ohun tí ó wà láàárín ibi méjèèjì kò hàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ Bonanjo ga. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, omi a bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, títì a sì mọ́ bí àwo tí a fọ̀. Ní New-Bell àti àwọn àdúgbò mìíràn tí ó wà ní ọ̀gbun, omi tí ó ti òkè wá ni ó ń bá tiwọn pàdé. Kì í sì í ṣe òjò nìkan. Òkun ń wọ odò Wouri, ó ń kún, ó sì ń fà lójoojúmọ́. Bí ọ̀wààrà òjò bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí òkun ń kún, gọ́tà kò ní rí ibi da omi rẹ̀ sí, omi a sì padà sínú ilé. Ètò tí àwọn ará Jámánì yà sórí ìwé ní ọdún 1910, òjò ni ó ń tún un yà sórí ilẹ̀ lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú lè fi rí i.

Ní New-Bell ni mo ti bá ìyá kan pàdé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń ta aṣọ. Mo yà sábẹ́ páànù rẹ̀ kí òjò lè dá. Nígbà tí mo kí i ní Yorùbá, ó ní, “Ọmọ mi, irú òjò wo ni ẹ gbé wá sí yìí? Ṣé kò sí ẹni tí ó sọ fún yín ni?” Mo ní wọ́n sọ fún mi, mo kàn fẹ́ rí i ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ọwọ́ kan ara ògiri, ó fi ìlà kan hàn mí tí ó tó eékún mi. Ó ní ibẹ̀ ni omi dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí ẹ̀kún omi gba apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Àpótí tí ó gbé aṣọ rẹ̀ lé lórí ga ju ìlà náà lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ méjì. “Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bí àpótí ti í ga tó,” ni ó wí.

Àwọn àjèjì ni ó kún New-Bell: Hausa, Ìgbò, Yorùbá, àwọn Bamiléké láti orí òkè. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Apá kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù, èyí tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti ń ṣe àkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961, tí apá gúúsù rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Faransé ni èdè tí ó gbilẹ̀ jù ní Dúálà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò ní pebi pa sínú ọjà. Ẹ sọ Píjìn. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ara yín yé. Bí ẹ bá sì rí àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bona, bíi Bonanjo, Bonapriso, Bonabéri, kí ẹ mọ̀ pé agbo ilé ni wọ́n ń wí: àwọn ọmọ Njo, àwọn ọmọ ẹni báyìí báyìí.

Ní ti oúnjẹ, èmi kò mọ oúnjẹ tí òjò bá lára mu tó ti Dúálà. Ndolé ni ọba rẹ̀. Ewúro ni, ewúro wa yìí gan-an. Wọn a fọ̀ ọ́ títí ìkorò rẹ̀ yóò fi kù díẹ̀, wọn a sè é pẹ̀lú ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, wọn a sì fi edé tàbí ẹran sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Yorùbá bá tọ́ ọ wò, yóò béèrè ìdí tí àwa kò fi ro ti ẹ̀pà. Miondo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ìyẹn ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a gún, tí a sì wé sínú ewé ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ kí a tó sè é. Ẹja yíyan ń bẹ pẹ̀lú, tí wọ́n ń yan lórí ẹyín iná létí títì ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn àlejò a tò yí iná náà ká. Ní ìgbà òjò, ìyá ẹlẹ́ja a ta tapólì sórí iná rẹ̀, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta ni ó sì máa jókòó tì í. Ẹ ó ní àyè láti béèrè iye tí ó ń rà á ní Youpwé, ibi tí apẹja ń gbé ẹja wá sí. Òun náà ó ní àyè láti dáhùn.

Bí òjò bá dá díẹ̀, kí ẹ lọ wo ère kan ní oríta Deïdo. La Nouvelle Liberté ni wọ́n ń pè é. Joseph-Francis Sumegne ni ó fi àlòkù irin àti táyà ọkọ̀ tí a ti sọ nù ṣe é ní ọdún 1996, ó ga tó mítà 12. Nígbà tí ó kọ́kọ́ yọ, ọ̀pọ̀ ará ìlú bú u, wọ́n ní pàǹtírí ni. Ṣùgbọ́n lónìí òun ni wọ́n fi ń júwe ìlú náà. Nínú ìlú yìí kan náà ni wọ́n bí Manu Dibango ní ọdún 1933, ẹni tí orin rẹ̀ Soul Makossa ti ọdún 1972 sọ orin ijó àwọn Dúálà di ohun tí gbogbo ayé ń jó sí. Ó kú ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà.

Nípa àwọn ibi tí ó wà lẹ́yìn ìlú, n óò sọ òtítọ́. Limbe, tí a ń pè ní Victoria títí di ọdún 1982, kò jìnnà. Ọgbà igi tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1892 ṣì wà, iyanrìn etí òkun rẹ̀ sì dúdú nítorí òkè tí ń yọ iná. Ojú ọ̀nà kan náà ni Debundscha wà. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 ní àwọn agbègbè tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, kò sì sí òjò tí ó dára ní wíwò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè tìtorí rẹ̀ wọ ibi tí ìbọn ń dún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó gbéra. Kribi ní ìhà gúúsù ni ó rọrùn jù. Níbẹ̀ ni odò Lobé ti ń já sínú òkun láti orí àpáta, ìgbà òjò sì ni ó ń ní agbára. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi rẹ̀ a fà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mú bàtà rọ́bà dání, kí ó má gbẹ́kẹ̀lé agboòrùn kékeré, nítorí afẹ́fẹ́ a yí i padà bí ẹ̀gúsí tí a là. Kí ó fi owó àti ìwé ìrìnnà sínú ọ̀rá. Kí ó lo oògùn ibà kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Nínú àwáwí àwọn ará Jámánì, ti ẹ̀fọn nìkan ni ó jẹ́ òtítọ́. Kí ó má sì to iṣẹ́ mẹ́ta jọ ní ọjọ́ kan. Ọ̀wààrà lè bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó má dá títí ọ̀sán, gbogbo ìlú a sì dúró dè é, tí olówó tí tálákà, lábẹ́ òrùlé tí ó bá sún mọ́ wọn.

Ohun kan ni a kì í lè rà. Lọ́pọ̀ ọjọ́ nígbà òjò, ìkùukùu a bo Òkè Kamẹrúùnù mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní Dúálà láìmọ̀ pé òkè kan wà nítòsí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, lẹ́yìn òjò alẹ́ tí ó ti fọ ojú ọ̀run mọ́, òkè náà a yọ ní òwúrọ̀ fún ìwọ̀n wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Orí afárá Wouri ni ibi tí ó dára jù láti dúró wò ó. Ẹ kọjú sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì tètè dé ibẹ̀, nítorí bí ó bá fi máa di aago mẹ́jọ, ìkùukùu lè ti padà dé.